Ilé Tí Kò Gbọdọ̀ Rú Èéfín

Òkun sọnù ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Ọyẹ́ ló gbé e mì. Eruku tó ń ti ọ̀nà aṣálẹ̀ bọ̀ ti bo ojú ọ̀run, gbogbo rẹ̀ rí bí omi tí a fi sẹ́ ògì. Bí ènìyàn bá dúró lójú fèrèsé, kò ní rí omi, kò ní rí sánmà, kò ní rí ààlà àwọn méjèèjì. Mo ń gbọ́ ìgbì tó ń lu ẹsẹ̀ bèbè pupa nísàlẹ̀, gbì, gbì, ṣùgbọ́n ibi tí odi kékeré iwájú ilé parí sí, ibẹ̀ náà ni ayé parí sí. Oòrùn ti yọ, àmọ́ bí òṣùpá ló rí, ènìyàn lè tẹjú mọ́ ọn kí omi má bọ́ lójú rẹ̀. Ètè mi ti sán. Mo fi òrí pa ihò imú ọmọ mi àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, mo sì pọ̀n ọ́n. Eruku wà lórí gbogbo nǹkan: lórí pákó, lórí ìkòkò omi, lórí ìpéǹpéjú èmi gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi eruku yẹn sọ́kàn.

Kí n tó débẹ̀, ó yẹ kí n sọ bí a ṣe dé ilé náà, nítorí kì í ṣe ibi tí irú àwa ń gbé. Ìwé ìjọba ṣì ń pe Banjul ní orúkọ òyìnbó nígbà náà, ṣùgbọ́n Banjul ni àwa ará ọjà ń pè é. Bíríkìlà ni ọkọ mi. Ó ti wà ní Gámbíà kí ó tó wá fẹ́ mi nílé, ní apá Ìlọrin, ó sì mú mi wá sínú yàrá kan ní Jollof Town, nínú agbo ilé tí àwọn onílé ti ń gbé láti ìgbà baba baba wọn. Omi ló yí Banjul ká; ibi tí kò bá sí omi, ẹrẹ̀ àti igi ẹ̀gbà tó ń hù nínú omi iyọ̀ ni. Ìlú náà kò lè na ẹsẹ̀. Ó kún bí àpò ìrẹsì tí wọ́n ti rán lẹ́nu. Àwọn tí ọwọ́ wọn kò tó nǹkan ń kó lọ sí Serekunda àti Talinding, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè fi ògiri rẹ̀ ti ògiri ẹnìkejì. Àwọn tó rí jájẹ díẹ̀ ń wo ọ̀nà Bakau, lórí bèbè òkun, níbi tí àwọn òyìnbó kọ́ ilé sí nítorí atẹ́gùn. Púpọ̀ nínú àwọn òyìnbó náà ti lọ lẹ́yìn òmìnira, ṣùgbọ́n wọ́n fi òfin ilé kíkọ́ wọn sílẹ̀, ìjọba wa sì dì í mú bí ẹni di ogún mú.

Òfin ibẹ̀ pọ̀ ju irun orí mi lọ. Ìwé tèmi kò jìnnà, ọkọ mi ló máa ń kà á fún mi lórí ìka bó ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu wolé-wolé. Odi iwájú ilé kò gbọdọ̀ ga ju ìbàdí lọ, kí ẹni tó ń kọjá lójú títì lè rí òkun. Àlàfo gbọ́dọ̀ wà láàárín ilé kan sí èkejì, a kò sì gbọdọ̀ gbin ohun tó ga síbẹ̀. Páànù kò sí, torí ó ń kọ yànràn lójú. Táìlì pupa alámọ̀ ni kí a fi bo ilé. Pẹ́tẹ́ẹ̀sì kò sí. Ewúrẹ́ kò sí, adìyẹ kò sí. A kì í sá aṣọ síbi tí ojú èrò lè tó o. A kì í dá iná igi síta. A kì í sin òkú sínú ọgbà. Èyí tó wá kan àwa jù ni pé ilé tí wolé-wolé kò bá tíì fọwọ́ sí, ènìyàn kò gbọdọ̀ gbé inú rẹ̀. Bí wọ́n bá bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀, ilẹ̀ padà di ti ìjọba nìyẹn.

Ọjọ́ tí ọkọ mi kọ́kọ́ mú mi débẹ̀, mo wo àwọn ilé funfun náà bí wọ́n ṣe tò síra wọn gbẹdẹmukẹ, tí ìkankan kò ga ju èkejì lọ, tí kò sí ohùn, tí kò sí èéfín, mo ní, "Ta ni wọ́n sin síbí?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di inú mú. "Ibojì kọ́ o, ìyàwó. Ibi ìgbádùn ni."

Ṣùgbọ́n ìyá mi máa ń sọ pé ilé tí kò bá rú èéfín láàárọ̀, kí aládùúgbò lọ kan ilẹ̀kùn wò. Kò sí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn kankan lórí bèbè yẹn. Ó lẹ́wà o, n kò ní purọ́. Ẹwà rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó fi dà bíi pé ẹwà náà ló ń gbé ibẹ̀, tí kò sì fẹ́ kí ènìyàn bá òun gbé.

Màmá kan tó jẹ́ Aku ló ni ilé tí ọkọ mi ń kọ́. Agbẹ̀bí ni wọ́n, wọ́n ti fẹ̀yìntì. Àwọn Aku yìí, wọ́n ní àwọn kan lára babańlá wọn wá láti ilẹ̀ tiwa, pé inú ọkọ̀ ẹrú ni wọ́n ti gbà wọ́n sílẹ̀ lójú òkun. Èdè wọn kì í ṣe Yorùbá. Ó dà bí èdè òyìnbó tí wọ́n gún lódó, àmọ́ bó o bá ń tẹ́tí, wàá ṣàdédé bá ọ̀rọ̀ ìyá rẹ pàdé nínú rẹ̀ bí ẹní bá ojúlùmọ̀ pàdé ní ìlú òkèèrè. "Kúṣẹ́ o!" ni Màmá máa ń fi kí mi. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, omi bọ́ lójú mi, mo rò pé ará ilé mi kan ló dé. Màmá yìí náà ló gbẹ̀bí ọmọ mi. Wọ́n ní òrùka fàdákà kan tí kò lè bọ́ mọ́ lọ́wọ́ wọn, torí oríkèé ìka ti wú. Bí ọmọ bá ń ké, wọn kì í rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, wọn kì í kọrin fún un. Wọ́n á fi òrùka náà kan apá àga, kó, kó, kó, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń kanlẹ̀kùn ilé tí wọ́n mọ̀ dáadáa. Ọmọ á dákẹ́, á máa wá ibi tí ìró náà ti ń bọ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni Màmá fẹ́ lọ́dọ̀ ilé yẹn. Wọ́n sọ ọ́ lójú mi. Wọ́n ní, "Inú yàrá tí kò ní fèrèsé ni mo ti gbẹ̀bí ọmọ ìlú yìí láti ìgbà èwe mi. Mo fẹ́ jókòó síbi tí ohunkóhun kò dí mi lójú. Wọ́n ní wọn ò ní sin mí síbẹ̀, ó dáa, n ò bá òfin jà. Ṣùgbọ́n kí n jókòó níbẹ̀ bí onílé lówùúrọ̀ kan ṣoṣo, kí n tó lọ." Wọ́n tilẹ̀ ti gbé àga kan wá, àga onígi aláfẹ̀yìntì, wọ́n gbé e sí yàrá iwájú, ó kọjú sí òkun. Wọn kò jókòó lé e lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n ní ó di ìgbà tí ilé bá di ilé.

Ilé kò wá tètè di ilé. Táìlì pupa kò pé, ọkọ̀ ojú omi tó yẹ kó kó ìyókù wá kò dé, òrùlé ẹ̀yìn ṣí sílẹ̀, wolé-wolé sì ní òun kò lè fọwọ́ sí ilé tó rí bẹ́ẹ̀. Àwọn olè ti ń yọ ilẹ̀kùn ilé tí a kò tíì parí lórí bèbè náà. Nílé tiwa, ta ni yóò kọ́ ilé dé ìdajì kí ó fi í sílẹ̀ lófìfo? Ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa sùn síbẹ̀ kó máa ṣọ́ ọ. Ọmọ Yorùbá wo ni kò mọ èyí? Ọkọ mi kò bi ẹnikẹ́ni. Ó dá yàrá Jollof Town padà fún onílé, ó kó èmi, ọmọ, ẹní àti odó mi sórí kẹ̀kẹ́ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, a kọrí sí Bakau. Ó ti ṣe tán kó tó sọ fún Màmá, ó rò pé inú wọn á dùn. Màmá kígbe. "Ẹ ti pa mí! Bí wọ́n bá rí yín, ilẹ̀ mi ti lọ!" Ṣùgbọ́n onílé Jollof Town ti gba ẹlòmíràn sí yàrá tí a fi sílẹ̀, olè sì wà. Màmá ronú títí, wọ́n ní, "Ẹ máa gbé e. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má rí yín. Ẹ máa gbé e bí ẹni tí kò sí."

Bí mo ṣe di ẹni tí kò sí nìyẹn, ní ọmọbìnrin tí ara rẹ̀ yá gágá, tí ohùn rẹ̀ ń dún gooro.

Ẹ̀yin ẹ wo bí odi ṣe mọ níbàdí, tí àlàfo wà lọ́tùn-ún lósì, tí ojú gbogbo ayé ń kọjá sínú ọgbà lọ sí òkun. Ibo lèmi fẹ́ fara pamọ́ sí? Yàrá ẹ̀yìn ni mo ń gbé, lẹ́yìn òkìtì pákó. Èédú ni mo fi ń se oúnjẹ, torí kì í rú èéfín. Inú ilé ni mo ń sá aṣọ sí. Odó mi ni mo fi aṣọ bò, mo tẹ́ ẹ sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó wá rí bí òkú tí wọ́n ń dúró de ará ilé rẹ̀. Bí ọmọ bá kan ṣe bí ẹni fẹ́ ké, ọmú ti dé ẹnu rẹ̀. Ní gbogbo ìdájí, kí èrò tó jáde, mo máa ń mú ìgbálẹ̀, mo máa ń fi ẹ̀yìn rìn láti ojú ọ̀nà wá sí ilẹ̀kùn, mo ń gbá ipasẹ̀ ara mi kúrò lórí iyanrìn. Ṣé ẹ ti pa ara yín rẹ́ rí, ẹsẹ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn? Ó máa ń ṣe mí bákan. Bí mo bá dé ẹnu ilẹ̀kùn tí mo gbójú sókè, iyanrìn á mọ́ tónítóní, bíi pé a kò bí mi.

Bàbá ọlọ́dẹ kan wà tó ń ṣọ́ ilé òyìnbó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ọmọ Mandinka ni wọ́n, àgbàlagbà tó máa ń ka tẹ̀sùbáà láti òwúrọ̀ dalẹ́. Lọ́jọ́ kan, mo wà lẹ́yìn pákó, mo gbọ́ tí wọ́n ń bá ọkọ mi sọ̀rọ̀ lórí odi.

"Bíríkìlà, kí lẹ rì mọ́ ìpìlẹ̀ ilé yìí?"

"Sìmẹ́ńtì àti òkúta ni, Bàbá."

"Sìmẹ́ńtì kì í húkọ́."

Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ mọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Bàbá ní, "Wáláhì, ohun kan ń gbé ibẹ̀. Ó ń húkọ́, ó sì ń bí ọmọ." Láti ìgbà náà, ní ọjọ́ Jímọ̀ọ̀, Bàbá á gbé obì funfun méjì sórí odi wa, wọ́n á ṣe àdúà, wọ́n á yára padà láìwẹ̀yìn. Sàráà ni, kí iwin inú ilé má baà ṣe wọ́n léṣe. Bí wọ́n bá ti lọ, mo máa ń na ọwọ́ gbé e. Obì dára lẹ́nu ọlọ́mọ tó ń fún ọmọ lọ́mú, ebi sì ń pa mí. Mo jẹ obì tí wọ́n fi ń bẹ̀ mí. Mo kọ́kọ́ ń fi rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ẹ̀rín náà kò wá mọ́. Ọmọ òyìnbó kan ń kọjá lọ lójú títì lọ́jọ́ kan, ó rí mi lójú fèrèsé, ó na ìka sí mi. Ìyá rẹ̀ yíjú, ó wò mí tààrà, ojú rẹ̀ gba inú ara mi kọjá lọ sórí òkun. Mo fọwọ́ kan àyà ara mi bóyá ó ń lù. Nígbà tí mo sọ fún ọkọ mi, ó ní oòrùn ló wọ obìnrin náà lójú. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni.

Màmá kò wá mọ́ látìgbà tí ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ wọn wú, wọn kò lè dìde lórí ibùsùn. Àga wọn wà ní yàrá iwájú. N kì í jókòó lé e. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀ díẹ̀, kí n tó rántí pé kò sí ẹnìkankan níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sí òwúrọ̀ tí òkun sọnù. Ọkọ mi ti bá ọkọ̀ ẹlẹ́ja lọ sí Banjul. Mo ti gbá iyanrìn tán. Mo wà nínú yàrá iwájú, mo ń wo funfun tí kò lópin yẹn, ni mo gbọ́ ẹsẹ̀, bàtà kánfáàsì, àti ọ̀pá tó ń kan ilẹ̀. Wolé-wolé ni. Ọkùnrin gíga tó máa ń wọ kákì, tó ń fi ọ̀pá aláàmì wọn gíga odi. Mo sáré padà sẹ́yìn pákó. Eré náà jí ọmọ. Mo gbé e sọ̀ kalẹ̀, mo fi ọmú sí i lẹ́nu, ó yí orí kúrò. Eruku ti dí i nímú, kò lè mí, inú ń bí i. Mo rí i bó ṣe ń kó ojú jọ. Ó la ẹnu. Mo mọ̀ pé bí ohùn yẹn bá jáde, ilé Màmá ti lọ, àga wọn ti lọ, òwúrọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n fẹ́ ti lọ. Mo gbé ọwọ́ sókè láti bo ọmọ mi lẹ́nu, n kò sì mọ bí ọwọ́ náà ì bá ti wúwo tó.

Nígbà náà ni mo gbọ́ ọ láti yàrá iwájú. Kó, kó, kó.

Ọmọ mi pa ẹnu dé. Ó yí orí sí ọ̀nà ibi tí ìró ti ń bọ̀, ojú rẹ̀ là kedere.

Wolé-wolé dúró lójú fèrèsé. Mo gbọ́ ọ, kedere bí ẹni dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ní, "Kúṣẹ́ o, Màmá!" Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "A dúpẹ́, Màmá. Ara yín ńkọ́?" Ó tún dákẹ́. "Háà, mo gbọ́. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò tíì yẹ kí ènìyàn wà níbí." Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ìgbì ń lu bèbè. "Ó dáa, Màmá. Ẹ jókòó jẹ́jẹ́." Bàtà kánfáàsì padà sí ojú ọ̀nà, ọ̀pá ń kanlẹ̀, títí n kò fi gbọ́ ọ mọ́.

Mo ní ẹ̀tàn ni. Mo ní ó rí mi, ó ń ṣe bí ẹni ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ kí n lè yọjú. Mi ò mira títí ẹsẹ̀ mi fi kú. Nígbà tí mo jáde nígbẹ̀yìn, mo kọ́kọ́ wo iyanrìn. Ipasẹ̀ bàtà nìkan ló wà níbẹ̀, ó wá dé abẹ́ fèrèsé, ó sì padà. Kò sí ipasẹ̀ mìíràn. Mo wá wọ yàrá iwájú. Eruku ọyẹ́ bo ilẹ̀, ó bo ojú fèrèsé, ó bo ẹ̀yìn àga àti ẹsẹ̀ àga. Ìjókòó àga náà mọ́. Apá ọ̀tún rẹ̀ mọ́. Mo fi ìka kàn án, igi lásán ni, ó tutù. Ọmọ mi na ọwọ́ méjèèjì sí àga náà, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi.

N kì í ṣe ẹni tó ń tètè sá. Mo mú àkísà, mo nu eruku kúrò lórí gbogbo nǹkan tó kù, kí gbogbo rẹ̀ lè dọ́gba, mo sì padà sídìí èédú mi.

Ọkọ mi dé nígbà tí oòrùn ti kan àtàrí. Eruku ti sọ irun rẹ̀ di ti arúgbó. Kò wọlé. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ní, "Màmá ti lọ." Ó ní ìdájí ni, kí aago ṣọ́ọ̀ṣì tó lù. Mo bojú wo àga. Mo pọ̀n ọmọ, a lọ.

Èrò ti pé sí agbo ilé Màmá ní Jollof Town. Wọ́n ti tẹ́ wọn sílẹ̀ nínú aṣọ funfun, ọwọ́ kan lé èkejì, òrùka náà ṣì wà níka. Àwọn obìnrin ń din àkàrà lójúde. Ọmọ Màmá obìnrin, tó jẹ́ tíṣà, ń gba àwọn tó wá kí i. Bí a ṣe jókòó, ni mo rí kákì lẹ́nu ọ̀nà. Wolé-wolé ni, ó mú fìlà rẹ̀ lọ́wọ́, kò sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Màmá tó ni ilé Bakau ni mo wá rí. Ọ̀rọ̀ náà kò le, mo kàn fẹ́ kìlọ̀ fún wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀."

"Ìkìlọ̀ kí ni?" ni tíṣà béèrè.

"Mo bá wọn nínú ilé láàárọ̀ yìí, wọ́n jókòó lójú fèrèsé. N kò tíì fọwọ́ sí ilé náà, ẹ sì mọ òfin. Mo kí wọn, wọ́n sì dá mi lóhùn dáadáa..."

Ohùn epo tó ń hó nínú agbada nìkan ni a ń gbọ́. Tíṣà dìde. "Ọ̀gá, ìyá mi kò tíì fẹsẹ̀ kanlẹ̀ láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé. Ẹ wọlé, ẹ wá wò wọ́n."

Ó wọlé. Kò pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ ti di eérú, ó fara ti òpó ilé. Ìyá arúgbó kan tó wà nídìí àkàrà kò jẹ́ kó sinmi. "Kí ni wọ́n sọ fún ọ?"

"Wọ́n ní àwọn kò ní pẹ́ lọ." Ó yí fìlà rẹ̀ lọ́wọ́. "Wọ́n ní kí n rọra máa sọ̀rọ̀, kí n má jí ọmọ."

"Ọmọ wo?"

Wolé-wolé gbójú sókè. Ó wo èmi, ó wo ọmọ tó wà lẹ́yìn mi, ó wo eruku pupa Bakau tó wà lẹ́sẹ̀ mi títí dé orúnkún. Ó wò wá pẹ́. Mo mọ̀ pé ó ti mọ̀. Ó ní, "N kò mọ̀ o, Ìyá." Ó wá yíjú sí tíṣà, ó ní, "Ẹ wá gba ìwé ilé yín lọ́dọ̀ mi. Ilé tí onílé ti jókòó nínú rẹ̀, kí ni mo fẹ́ wí pé kò tíì tó gbé?"

Nílé wa, ọ̀rọ̀ kan wà tí a ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹni tó ti kú níbì kan tí wọ́n tún rí i níbòmíràn. Àkúdàáyà. Ó wà lẹ́nu mi lọ́jọ́ náà, n kò sọ ọ́. N kò rò pé Màmá wá dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Ilé wọn ni wọ́n wá wò, wọ́n sì bá èrò níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ báyìí, ọmọ tí mo pọ̀n nígbà náà ti di ìyá àgbà. Talinding ni mo ń gbé, níbi tí odó kan ń dá òmíràn lóhùn láti ìdájí, tí èéfín aládùúgbò ń wọ inú ọbẹ̀ mi. Nígbà mìíràn àwọn ọmọ máa ń fi mọ́tò gbé mi lọ wo orí bèbè náà. Kò sí odi níbàdí mọ́. Àwọn odi ibẹ̀ ti ga ju orí ènìyàn lọ, ìgò fífọ́ wà lórí wọn, ènìyàn lè kọjá láti ìbẹ̀rẹ̀ títì dé òpin rẹ̀ kó má mọ̀ pé òkun wà nítòsí. Mo wá ń rò pé òfin àwọn òyìnbó yẹn kò burú tán. Ó jẹ́ kí ojú ọ̀nà wà fún ojú. Àṣìṣe rẹ̀ ni pé ó ro ti ẹni tó ń kọjá, kò ro ti ẹni tó ń gbé, ènìyàn tó ń húkọ́, tó ń bí ọmọ, tó ń kú. Èéfín nìwà, rírú ní í rú. Bí wọn kò bá jẹ́ kí alààyè rú tirẹ̀, òkú yóò wá jókòó sójú fèrèsé.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì bi mí bóyá ẹ̀rù bà mí láti padà síbẹ̀, ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ kejì ni mo máa ń sọ fún un.

Lọ́jọ́ kejì, ọyẹ́ ti ká díẹ̀, òkun ti padà síbi tó wà. N kò gbá ipasẹ̀ mi. Mo ṣí aṣọ lórí odó, mo yí i jáde sí iwájú ilé, sójú títì gan-an. Mo to igi, mo dá iná síta. Mo mọ òfin. Mo dá a bẹ́ẹ̀. Èéfín náà ga, ó kọjá òrùlé, ó lọ sórí omi. Mo da ẹ̀wà tí mo ti bó sínú odó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gún un láti fi din àkàrà sàráà fún Màmá, ìró odó ń lu gbogbo ilé funfun yẹn, ó ń padà wá bá mi. Kò pẹ́ tí Bàbá ọlọ́dẹ fi yọ lórí odi, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́.

"Ta nìyẹn? Ènìyàn ni àbí nǹkan mìíràn?"

"Ènìyàn ni, Bàbá. Ẹ káàárọ̀. Èmi tí ẹ ń fún lóbì ni."

Wọ́n wò mí, wọ́n wo ọmọ, wọ́n wo odó. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn. "Astafurúlà! Ìwọ lo ń jẹ obì mi láti ọjọ́ yìí! Wàá san án!"

"Ẹ wá gba àkàrà dípò rẹ̀."

Nígbà tí èyí àkọ́kọ́ jinná, wọ́n gbà á lórí odi, wọ́n bù ú jẹ, wọ́n súre. Wọ́n wá wo èjìká mi kọjá, sí ojú fèrèsé iwájú, wọ́n mi orí bí ẹni ń kí àgbà. "Ìyá tó jókòó síbẹ̀ yẹn ńkọ́, ṣé wọn kì í jẹ àkàrà ni?"

N kò bojú wẹ̀yìn. Mo mú àwo tó mọ́ jù nínú ẹrù mi, mo ṣa èyí tó gbóná jù sínú rẹ̀, mo gbé e wọlé. Mo kúnlẹ̀ síwájú àga, mo gbé e kalẹ̀, mo sì jáde lọ máa gún odó mi.